Wákàtí Mẹ́rìnlá

Màmá yọ lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù. Ó gbé ìrọ̀rí sábẹ́ abíyá, ó wọ súwẹ́tà méjì léra, ó sì ru àpò tí abọ́ oúnjẹ mẹ́ta wà nínú ẹ̀: tàárọ̀, tọ̀sán, talẹ́. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta péré ló lò lókè.

Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn irin, ó ń làágùn. Tíkẹ́ẹ̀tì làwọn èèyàn ń pè é, torí tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ló ń tà. Iṣẹ́ ọ̀hún sì yé e o! Dárúkọ pápákọ̀ òfuurufú méjì tó bá wù ẹ́. Kó o tó pa ẹnu dé, ó ti sọ iye kìlómítà àti iye ìṣẹ́jú fún ẹ. Ìyá tó bí i nìkan ló ń ṣe ìṣirò míì fún. Ọdún mẹ́fà gbáko, bí màmá bá ti ní òun fẹ́ wá, Tíkẹ́ẹ̀tì á ní: "Mọ́mì, wákàtí mẹ́rìnlá mà ni! Ẹsẹ̀ yín á wú bíi búrẹ́dì." Òun náà ò sì lọ sílé. Ó jìnnà jù, ṣẹ́ ẹ rí i?

Ṣé ó kórìíra ìyá ẹ̀ ni? Rárá o. Irọ́ kàn rọrùn ju ìrìnàjò lọ ni.

Láàárọ̀ yìí làbúrò rẹ̀ obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì níbòmíì, ó gbé màmá wọ bàálù, ó wá pè é lórí fóònù: "Bọ̀dá mi, ẹ lọ pàdé mọ́mì. Kí n tó délé, wọ́n á ti dé ọ̀dọ̀ yín." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Òótọ́ ti Tíkẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ wọ bàálù ni.

Ọkùnrin tó jókòó ti màmá nínú bàálù bá a gbé àpò jáde, ẹ̀rín ń pa á.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lọmọ màmá? Wọ́n ṣì ń pín omi fún wa ni wọ́n ní a ti dé. Màmá ní irọ́ ni, ó ku wákàtí mẹ́tàlá! Ta ló tiẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, Tíkẹ́ẹ̀tì ì bá wọlẹ̀ láìgba tíkẹ́ẹ̀tì.

Màmá wò ó fìrí. "Èmi ni mo ṣì í kà, jàre. Ogbó ti dé. Ọmọ mi kọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣi wákàtí kà."

Màmá tó ṣì rántí ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ àdúgbò! Ìgbájú ì bá sàn fún Tíkẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n já sí títì ńlá.

"Bàálù tó ń padà nírọ̀lẹ́," màmá ní, "aago mélòó ni? Mo kàn ní kí n fojú kàn ẹ́ ni. Mi ò fẹ́ dí ẹ lọ́wọ́."

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni. Tíkẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n. Ìgbà yẹn ló tó wo ìyá ẹ̀ dáadáa. Màmá ò tíì fẹ̀yìn ti àga láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra. Etí àga ló wà, bí àlejò tí wọn ò tíì ní kó jókòó.