Kí Ni Sammy Dunkerley Ṣe?

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọdún 1971, tó gbé e sínú mọ́tò, tó wá ń rọra wakọ̀ láti Rochdale lọ sí Bury bíi pé ẹyin ló kó sẹ́yìn, ẹ má bá a wí. Norris Haworth ni. Orí rẹ̀ pé. Àṣẹ bàbá rẹ̀ ló ń mú ṣẹ.

Àṣẹ náà ò le. Rédíò yẹn, àpótí igi ńlá kan tó wúwo bí òkú àgbò, á lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ Norris, á sì lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ Enid, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa gbé e lọ sílé ẹnì kejì. Enid a gbé e wá nígbà Àjíǹde, Norris a gbé e lọ ní Sátidé tó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n rèé tí wọ́n ti ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa rí títí a ó fi mọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì, torí ẹni tó bá jàre ni yóò kó rédíò lọ pátápátá. Orí ibùsùn àìsàn ni Dádì wà tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín sì wà létè rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Wọ́n jàre lórí kí ni? Ẹ fara balẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́dún 1954. Gbogbo ilé Haworth jókòó yí rédíò ká nínú kíṣìnnì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Norris, Enid jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ti ba etí Dádì kan jẹ́ pátápátá, nítorí náà ó lẹ èkejì mọ́ aṣọ iwájú rédíò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Sammy Dunkerley ló fẹ́ ṣeré. Apanilẹ́rìn-ín ni Sammy, bó bá sì ti dórí afẹ́fẹ́ ní aago méje àbọ̀, ajá gan-an kì í gbó ládùúgbò wa. Sammy kí àwọn èèyàn, ó ní òun fẹ́ sọ ohun tí ìyàwó òun fojú òun rí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá gbáko, a ò gbọ́ kín-ín. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èrò inú ilé ìṣeré tí Sammy wà ní Manchester bú sẹ́rìn-ín tó fẹ́ẹ̀ ká òrùlé lọ, ẹ̀rín obìnrin kan sì lékè ti gbogbo wọn, bíi ti adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ẹyin. Kí ni wọ́n rí? Àwọn tó wà níbẹ̀ rí i. Àwa tá a wà nílé ò rí nǹkan kan.

"Ṣòkòtò rẹ̀ ló já bọ́," Enid sọ lójú ẹsẹ̀.

"Irọ́ ni," Norris ní. "Ìwé tó ń kà ló fi fun ikun imú."

Dádì gbé etí kúrò lára rédíò. "Kò ṣe nǹkan kan," ó ní.

"Dádì, èèyàn kì í rẹ́rìn-ín lásán."

"Mo ní kò ṣe nǹkan kan."

Ìyá wọn ní kí kálukú jẹ ẹran àti ọ̀dùnkún inú abọ́ rẹ̀ kó tó tutù.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà kú síbẹ̀, àbí? Kò kú. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, pípele ló ń pele. Wọ́n jà á níbi ìgbéyàwó Enid. Wọ́n jà á níbi ìrìbọmi ọmọ rẹ̀. Níbi ìsìnkú Dádì gan-an, pásítọ̀ ní láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun kádìí àdúrà. Sammy ti kú nígbà yẹn, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré ti kú, kò sì sẹ́ni tí a lè bi.

Àfi ìgbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014 tí Enid tẹ Norris láago.

"Norris wa, mo ń kó lọ sí Perth."

"Perth ti Scotland?"

"Perth ti Australia. Ọ̀dọ̀ Janet ọmọ mi. Ọjọ́ kẹwàá oṣù tó ń bọ̀ ni mò ń lọ. Kúkú gbé rédíò wá kó tó dìgbà náà, kí n dì í mọ́ ẹrù. Èmi ló kàn."

"Ṣé wàá gbé e padà wá nígbà Àjíǹde?"

"Èmi, àgbàlagbà tó lé láàádọ́rin ọdún? Ta ló fẹ́ máa gbé pósí yẹn kọjá òkun?"

"Kò ní kúrò ní Rochdale."

"Àbí ìwọ lo máa wá gbé e?"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn nìyẹn, Enid sì mọ̀. Norris kò wọ bàlúù rí láyé rẹ̀. Ibi tó tíì jìnnà jù tó lọ ni erékùṣù Isle of Man, ọkọ̀ ojú omi ló sì wọ̀, nígbà tó gúnlẹ̀ ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ níwájú gbogbo èrò. Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó jókòó sórí àga, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an. Ó rò pé tìtorí rédíò ni.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Kó tó di ọjọ́ kẹwàá, kó fi hàn pé imú ni Sammy fun.

Norris wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń ṣàárò àwọn apanilẹ́rìn-ín ayé àtijọ́. Gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ti ń pàdé, ní Wẹ́sídeè àkọ́kọ́ inú oṣù. Àwọn mẹ́rìnlá ni wọ́n, orúnkún tó ṣì dá ṣáṣá láàárín wọn kò sì ju mẹ́wàá lọ. Wọ́n ní eré Sammy yẹn nínú téèpù, wọ́n sì ti gbọ́ ọ débi pé wọ́n sọ obìnrin ẹlẹ́rìn-ín yẹn lórúkọ, Adìyẹ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti fi ìwé ìròyìn wá a. Wọ́n lẹ ìkéde mọ́ ara ògiri láíbúrì. Adìyẹ ò jáde.

Ní Fúráídeè kan, Norris tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja díndín. Ó ku ẹnì kan kó kàn án. Ẹlẹ́ja sọ ọ̀rọ̀ ìyọṣùtì kan nípa ẹja rẹ̀, ẹnì kan sì bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn pátápátá.

Ara Norris bù máṣọ. Ó fi ìlà sílẹ̀. Ìyá arúgbó kékeré kan ló rí, tó wọ kóòtù òjò aláwọ̀ búlúù, tó fi àpò kọ́ apá.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé ẹ lè tún un rín?"

"Kí n tún kí ni rín?"

"Ẹ̀rín yẹn."

Ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ọmọkùnrin, mo ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Bó o bá ń dẹnu kọ mí ni, kọ́kọ́ ra ẹja fún mi."

Ó ra ẹja fún un. Muriel Tattersall ni orúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe sálúbàtà ló ti fẹ̀yìn tì. "Kò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mi ò lọ síbi eré Sammy," ó ní. "Ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ sì móoru ju ilé wa lọ."

Ohùn Norris wálẹ̀. "Ọjọ́ tí Sammy dákẹ́ yẹn. Kí ló ṣe?"

Ẹlẹ́ja dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Gbogbo ìlà na etí. Ìyá Tattersall la ẹnu, ó tún pa á dé, ẹ̀rín wá rọra yọ lójú rẹ̀.

"Kò ṣeé sọ," ó ní. "Àfi kí n ṣe é. Mo sì nílò èrò. Èrò ibí yìí ò tó, ebi sì ń pa wọ́n."

Bó ṣe di Wẹ́sídeè nìyẹn. Norris gbé rédíò wá sí gbọ̀ngàn kó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó gbé e sórí tábìlì iwájú. Enid wá láti Bury, kò bọ́ kóòtù, ó jókòó bí ẹni tó wá gba nǹkan rẹ̀. Norris ti ra ṣokoléètì fún Ìyá Tattersall. Enid sì gbé àkàrà òyìnbó atalẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá fún un.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ìyá náà bi wọ́n, "ṣé rìbá rèé?"

"Rárá o," wọ́n jọ dáhùn pọ̀.

Ó kó méjèèjì sínú àpò rẹ̀.

Leonard, akọ̀wé ẹgbẹ́, fi téèpù náà sí i. Ohùn Sammy jáde, ó kí wọn, ó ní ọ̀rọ̀ ìyàwó òun ló dé. Ìyá Tattersall ní kí wọ́n pa á níbẹ̀. Ó dìde, ó bọ́ síwájú, ó na igi ìgbálẹ̀ ró síwájú ara rẹ̀ bíi máíìkì.

"Ìyàwó mi," ó ní, "láàárọ̀ yìí..."

Ó la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wá ń wo àwọn èèyàn, láti ìlà kan bọ́ sí ìkejì, bí ẹni tó wọ kíṣìnnì tó wá gbàgbé ohun tó wá mú. Kò bẹ̀bẹ̀. Ojú ò tì í. Ó wo Leonard bíi pé Leonard ló mọ ohun tí ìyàwó náà ṣe. Ó wo ìkòkò tíì. Ó tún padà wo Leonard. Norris ń kà á lọ́kàn: méje, mẹ́jọ. Ó di mẹ́sàn-án, ẹnì kan wúkọ́. Ó di mẹ́wàá, tíì já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Nígbà tó pé mọ́kànlá, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbààgbà ń gbá itan, Enid di àga iwájú rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Ẹ̀rín Adìyẹ fúnra rẹ̀ sì lékè gbogbo rẹ̀.

"Ohun tó ṣe nìyẹn," Ìyá Tattersall ń nu ojú. "Ọ̀rọ̀ fò lọ lórí rẹ̀. Kò sá, kò tọrọ àforíjì. Ó kàn dúró tó ń wò wá."

"Ṣòkòtò ẹ̀ ńkọ́?" Enid béèrè.

"Ó wà nídìí ẹ̀."

"Imú ẹ̀ ńkọ́?" Norris béèrè.

"Ó gbẹ táútáú."

Norris jókòó. "Kò ṣe nǹkan kan," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ohùn Dádì ló sì gbọ́ lẹ́nu ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà, ṣòkòtò tí kò tilẹ̀ já.

Òjò wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀ níta. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ gbé rédíò sẹ́yìn mọ́tò, Norris fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e.

"Ó mọ̀," Enid ní.

"Ta ni?"

"Dádì. Ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa jàre nínú wa. Ó mọ̀ nígbà tó ń ṣòfin yẹn."

Norris rántí ẹ̀rín orí ibùsùn yẹn. Ó rántí pé Enid kì í tẹ òun láago, òun náà kì í tẹ̀ ẹ́. Bí kì í bá ṣe ti rédíò, ibi ìsìnkú nìkan ni wọn ì bá máa pàdé. Omi lé ròrò sí i lójú, ó dibọ́n pé òjò ni.

"Arúgbó yẹn tàn wá," ó ní.

"Ó tàn wá dáadáa. Òfin ẹ̀ ṣì dúró, torí kò sẹ́ni tó jàre." Enid ń de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Ẹni tí rédíò bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló ń gbé e lọ. Mi ò mú un dání mọ́. Sátidé tó kẹ́yìn Oṣù Kẹwàá, mò ń retí ẹ ní Perth. Èmi á gbé e padà wá nígbà Àjíǹde."

"Ìwọ lo ní o ò lè máa gbé pósí kọjá òkun."

"Janet á bá mi gbé e. Ìwọ ńkọ́?"

Norris la ẹnu. Ó pa á dé. Ó wo Enid, ó wo rédíò nínú bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó gbójú sókè wo ibi tí bàlúù ń gbà, ó tún padà wo Enid. Enid fi ọwọ́ bo ẹnu, ó pa ẹ̀rín mọ́ra títí, apá rẹ̀ ò ká a mọ́. Ó fara ti mọ́tò, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń dà lójú rẹ̀, àwọn tó ń jáde bọ̀ láti gbọ̀ngàn ò sì mọ ohun tó rí.

Lọ́jọ́ kejì, Norris lọ ya fọ́tò tí wọ́n máa fi ṣe páásípọ́ọ̀tù fún un. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tún un yà.