Epo Tí Ganiat Yàn

"Ta ló ń dín àkàrà nínú ilé mi?"

Ohùn náà ti inú yàrá jáde kí ẹni tó ni ín tó yọjú. Ganiat, tó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ilé ìdáná, fò dìde pẹ̀lú ṣíbí tó fi ń yí àkàrà lọ́wọ́. Àkàrà àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú bọ̀ nínú epo pupa ni. Òórùn rẹ̀ ti gba gbogbo àgbàlá, ó ti fo ògiri lọ bá àwọn ará Ungwan Romi tó ń gbálẹ̀ òwúrọ̀ nínú ọyẹ́. Inú ọmọbìnrin náà tilẹ̀ dùn díẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé Ayọ̀bámi sin. Ó rò pé ìyá olólùfẹ́ òun ti gbóòórùn ohun tí òun ṣe, pé ó ń bọ̀ wá dúpẹ́.

"Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀, mà." Ó kúnlẹ̀. "Mo ní kí ẹ sùn díẹ̀ sí i ni, kí n fi ṣetán."

Ìyá Ayọ̀bámi yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó ró aṣọ mọ́ àyà, kò wé gèlè, ojú rẹ̀ sì wú bí ojú ẹni tí oyin ta. Ó wo agbada orí iná. Ó wo abọ́ ẹ̀wà lílọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá wo Ganiat.

"Àkàrà," ni ó wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń pe orúkọ àrùn kan. "Lórí Ayọ̀bámi. Àkàrà! Epo pupa sì ni wọ́n tún fi dín in!"

Ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orí.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wò ó! Wọ́n ń fi ikú ọmọ mi ṣe fàájì!"

Ganiat kò mọ ohun tí òun ṣe. Hayin Banki ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló sì dàgbà sí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Hassanat, àárín àwọn Háúsá ní Kawo ni wọ́n ti tọ́ ọ, Yorùbá inú ilé wọn kò sì ju ti ìkíni àti ti ìbáwí lọ. Ní àdúgbò wọn, bí ènìyàn bá kú, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ìbáà jẹ́ arúgbó kùjọ́kùjọ́, tó bá di ọjọ́ keje wọn a dín kósáì, wọn a pín in fún àwọn àlùmájìrí àti aládùúgbò, kí Ọlọ́run lè ṣíjú àánú wo òkú. Kósáì yìí náà ni àwọn Yorùbá ń pè ní àkàrà. Ta ló máa sọ fún un pé ohun tó jẹ́ àánú ní òdìkejì odò, èébú ni ní ìhín?

Odò Kàdúná pín ìlú Kàdúná sí méjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pín onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò rí Ayọ̀bámi àti Ganiat pín. Bí ìsìn ìjọ Onítẹ̀bọmi bá ti parí lọ́jọ́ Àìkú, Ayọ̀bámi a gbéra, a gba orí afárá kọjá, ó di Hayin Banki. Inú ọkọ̀ akérò ni wọ́n ti pàdé. Ó dìde fún Ganiat kó jókòó, ó wá fi orí gbá irin òkè ọkọ̀, ọmọbìnrin náà sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ayọ̀bámi máa ń sọ pé láti ọjọ́ náà ni orí òun kò ti pé mọ́. Ìfẹ́ wọn kò ní ariwo. Ó dà bí iná èédú: ẹni tó jìnnà á rò pé ó ti kú, ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ló máa mọ̀.

Ọjọ́ kan wà tó jókòó sí iwájú ilé wọn, kósáì kún ẹnu rẹ̀.

"Gàní, kósáì yín dùn o. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì jẹ àkàrà."

"Kí lo wá pe èyí tó wà lẹ́nu ẹ yẹn?"

"Èyí? Òróró ẹ̀pà lẹ fi dín in. Ó funfun bí ẹni tí ibà ń ṣe. Èyí tí mo jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, epo pupa ni. Agbada ńláńlá! Àwọn ìyá ń kọrin, wọ́n ń dín in, wọ́n ń pín in fún gbogbo àdúgbò. Àtìgbà yẹn, mi ò tíì rí irú ẹ̀ jẹ mọ́."

"Haba! Fara balẹ̀. Tí mo bá wọlé ọkọ, màá dín in fún un."

"Ọkọ wo?"

"Ọkọ kan báyìí. Ẹnu ẹ̀ gùn bí ọ̀nà Zaria."

Wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹnu ìmúra ìgbéyàwó ni wọ́n wà tí ọkọ̀ agbépo kan fi gbá kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí Ayọ̀bámi wọ̀ nígbà tó ń ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ ní Kudenda. Kò délé ìwòsàn. Wọn kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ débi sàréè, nítorí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Ganiat ló lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti padà sílé. Ilé ìyá náà ló ń sùn, ó ń fọ abọ́ àwọn abánikẹ́dùn, ó ń gbé omi ìwẹ̀ kalẹ̀. Ìyá náà kò lé e, kò sì bá a sọ̀rọ̀ tó ju "gbé e síbẹ̀" lọ. Látìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti fẹ́ ẹ. Ẹ̀bẹ̀ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo náà ló jẹ́ kó gbà.

Nítorí náà ni Ganiat ṣe fi gbogbo ọkàn yan epo yìí. Nígbà tó dé ọjà lọ́sàn-án àná, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olóròóró ẹ̀pà, torí òun ló mọ̀. Òróró ẹ̀pà kì í tètè rú èéfín, kì í sì í kó àwọ̀ bá ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ó rántí Ayọ̀bámi, ó yí padà. Ìyá elépo kan da epo díẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní kó gbóòórùn rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ dín àkàrà ni, mà."

"Mú ti inú kẹ̀ẹ̀gì yìí. Tọ̀hún yẹn, bó bá gbóná tán, híhó ló máa máa hó, omi wà nínú ẹ̀. Má sì jẹ́ kó jóná di funfun o. Tó bá ti funfun, adùn ẹ̀ ti lọ nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é láàárọ̀ yìí. Ó po ẹ̀wà títí apá fi ń ro ó, ó fi iyọ̀ sí i kẹ́yìn kó má baà ṣàn. Ó ju ẹ̀là àlùbọ́sà sínú epo, ó dúró títí ó fi ń ta ṣáà, kó tó bu àkọ́kọ́ sí i. Èyí tó pupa rẹ́súrẹ́sú. Èyí tí olólùfẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn.

Ariwo ìyá náà ló jí Àǹtí Folúṣadé, àbúrò rẹ̀ tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá a kẹ́dùn. Ó fi aṣọ ìbora bora jáde. Bó ti rí agbada ló pòṣé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ, mo tún un sọ! Mo ní ọmọ Gàmbàrí lẹ fẹ́ fi ṣaya ọmọ."

"Àǹtí, ọmọ Yorùbá ni mí."

"Yorùbá wo? Yorùbá tó ń dín àkàrà lé òkú ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lórí? Ẹnu ẹ ló gbọ́ Yorùbá, inú ẹ ò gbọ́ ọ!"

"Sàráà ni, mà. Òní ló pé ọjọ́ keje. Nílé wa, tó bá di ọjọ́ keje..."

"Ilé yín! Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé Ọlọ́run Onítẹ̀bọmi ń jẹ kósáì ni? Gbọ́ mi dáadáa. Àgbàlagbà tó bí ọmọ, tó rí ọmọ-ọmọ, tó wá fọwọ́ rọrí sùn, òun là ń dín àkàrà fún. Epo pupa là ń fi dín in, ijó là sì ń jó sí i. Inú wa dùn pé ó lọ ni! Ṣé inú tìẹ náà dùn pé Ayọ̀bámi lọ?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ganiat. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pa sítóòfù, ó sọ agbada kalẹ̀.

Ìyá Ayọ̀bámi kò tún pariwo mọ́. Èyí tó ṣe wá burú ju ariwo lọ.

"Kó ẹrù ẹ," ni ó wí. "Máa lọ sílé bàbá ẹ. Ẹni tó so èmi àti ìwọ pọ̀ kò sí mọ́."

Ẹrù wo ni Ganiat ní? Aṣọ méjì, híjáàbù kan, àti ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Ayọ̀bámi kan tí kò tíì fọ̀, torí òórùn rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó kó wọn sínú báàgì. Lánàá ni Hassanat ìyá rẹ̀ ti pè é lórí fóònù: "Ki dawo gida, ọmọ mi. Wá máa bọ̀ nílé. O ò tíì di ìyàwó wọn, kí lo wá ń ṣe opó sí?" Nígbà yẹn, kò dá a lóhùn. Ní báyìí, ìdáhùn náà ti dé fúnra rẹ̀.

Nígbà tó jáde, ìyá náà ti jókòó sórí ẹní nínú pálọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó kọjú sógiri. Ganiat kúnlẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Mo ń lọ, mà. Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀. Èmi tí mo bá a débi sàréè, báwo ni inú mi ṣe máa dùn? Òun ló sọ fún mi. Ó ní kò sí àkàrà tó dùn tó èyí tí òun jẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́mọdé, pé epo pupa ni wọ́n fi dín in, pé àwọn ìyá ń kọrin. Mo ní bóyá tí òórùn ẹ̀ bá ta sókè, á dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo rò."

Ó dìde, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Dúró."

Ìyá náà kò tíì yíjú padà.

"Ayọ̀bámi ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kò sọ ohun tí a ń ṣe lọ́jọ́ náà fún ẹ?"

"Rárá, mà. Èmi náà ò bi í."

Ìyá Ayọ̀bámi fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ọjọ́ tí a sin ìyá mi ni. Arúgbó ni wọ́n, wọ́n ti gbó, wọ́n ti tọ́. Èmi ni mo wà nídìí agbada. Ọmọ yìí ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo ṣe ń yọ ọ́ nínú epo ló ń mú un, ó ń fẹ́ ẹ lẹ́nu, 'Màámi, ẹyọ kan sí i.' Ó jẹ ẹ́ títí ó fi bì." Ẹ̀rín kan fẹ́ sọ, ó kú sí i lẹ́nu. "Nígbà tí mo ń gbé e lọ wẹ̀, ó ní, 'Màámi, tí ẹ bá kú, èmi náà máa dín tiyín. Màá dín in ju èyí lọ.' Gbogbo ilé ló rẹ́rìn-ín. Èmi ṣe àmín. Mo ṣe àmín, Folú! Ìwọ náà wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Àǹtí Folúṣadé wí. Oró ti tán nínú ohùn rẹ̀.

"Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Èmi wá bímọ bí?"

Ìgbà náà ni ẹkún já. Kì í ṣe ẹkún ariwo ti àárọ̀. Ẹkún tó ti inú egungun wá ni, tó ń mì í jìgìjìgì. Ganiat fẹ́ lọ gbá a mọ́ra, ó bẹ̀rù, ó dúró síbi tó wà. Ní ẹ̀yìnkùlé, ọyẹ́ ti ń mú epo dì ní etí agbada. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan àkàrà náà.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ìyá náà fi ọwọ́ nu ojú.

"Lọ́jọ́ tí mo bá kú, ta ni yóò dín tèmi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ńkọ́? Èmi wà."

"Àbúrò mi ni ẹ́, Folú. Ọmọ ló ń ṣe é." Ó yíjú padà wàyí, ó wo Ganiat bí ẹni pé òní ló kọ́kọ́ rí i. "O ṣì kéré. Wàá fẹ́ ọkọ. Mi ò ní so ẹ́ mọ́ sàréè, Ọlọ́run ò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé mo dàgbà, tí mo darúgbó, tí wọ́n wá ní Moróunkẹ́ ìyá Ayọ̀bámi ti sùn, ibi yòówù kó o wà, ṣé wàá wá?"

Ganiat wo báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ó rò ó. Kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ẹkún ṣèlérí. Ọkọ wo ló máa gbà kí aya òun kọjá odò lọ dín àkàrà ìyá ọkùnrin mìíràn? Kí ni Hassanat máa wí? Ó gbé báàgì náà kalẹ̀.

"Màá wá, mà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ mi. Mi ò mọ ìkankan nínú orin tí àwọn ìyá ń kọ."

Àǹtí Folúṣadé fi etí aṣọ bo ojú. Ìyá Ayọ̀bámi mi orí lẹ́ẹ̀kan, ó fà sẹ́yìn lórí ẹní, ó sì fi ọwọ́ lu ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kì í ṣe òní, ọmọ mi. Òní, ẹkún la ní. Wá jókòó."