Awakọ̀ Kì í Kúnlẹ̀

"Bíréèkì! Ìyàwó wa, ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó dé kọ́nà!"

Olúmidé ló ń pariwo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí tẹlifíṣàn. Adétutù tẹ ẹ́. Ọkọ̀ pupa tó ń wà nínú géèmù náà dẹ eré, táyà rẹ̀ han gooro, ó sì yọ ní kọ́nà láìfara kan ibì kankan. Inú Adétutù dùn débi pé ó fẹ́ kọrin. Àfi bí bàbá ọkọ rẹ̀, Bàbá Gbádéyan, ṣe gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé lójijì.

"Okun o, ẹ̀yin ará ilé."

"Okun o, Bàbá!" Kí Adétutù tó mọ ohun tó ń ṣe, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti wà nílẹ̀. Páàdì géèmù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un mọ́ àyà, àtàǹpàkò rẹ̀ sì tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá. Ọkọ̀ pupa fi títì sílẹ̀, ó lọ forí sọ ògiri.

Bámigbóyè, ọkọ rẹ̀, dìde ní ìdọ̀bálẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i? Bó ṣe ṣe mọ́tò mi náà nìyẹn!"

Ẹ̀rín náà dun Adétutù wọ egungun. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe olórí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ayewa. Ìpínlẹ̀ Kògí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, ọkọ̀ tó ń ti Kábà, níbi tí wọ́n ń gbé, lọ sí Ayewa kò sì wọ́pọ̀, àfi lọ́jọ́ ọjà. Wọ́n ti sọ fún un pé bí kò bá ní lè máa dé ibi iṣẹ́ láràárọ̀, ẹlòmíì ni wọn yóò gbé ipò náà fún. Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ wà nílé o: Pijó Bámigbóyè, tí kì í kúrò lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí tíṣà ni olówó rẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn lọ sí iléèwé. Adétutù ní ìwé ìwakọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wa Pijó náà gun orí ẹ̀gẹ́ tí àwọn ará ilé kejì sá sórí àpáta, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kò kúrò nínú àpò ṣòkòtò Bámigbóyè mọ́, bí ẹni pé ṣòkòtò ló ra mọ́tò.

Olúmidé, àbúrò Bámigbóyè, ló gbé ẹ̀rọ géèmù náà dání láti Àjàòkúta nígbà tó wá lo ìsinmi. Kì í ṣe géèmù ọmọdé rárá. Ọkọ̀ inú rẹ̀ wúwo bí ọkọ̀ gidi. Ẹni tó bá kó eré wọ kọ́nà, inú koríko ni yóò bá ara rẹ̀, ẹni tó bá sì pẹ́ kó tó tẹ bíréèkì, ojú yóò tì í níwájú ẹbí àti ará.

Nígbà tí Bàbá ti wọ yàrá lọ, tí Bámigbóyè náà ti rẹ́rìn-ín tán, tó bọ́ síta, Olúmidé rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyàwó wa, lọ́jọ́ tí ẹ wa Pijó gun ẹ̀gẹ́ yẹn, ta lẹ rí lọ́nà?"

Adétutù ronú. "Màmá Elizabeth ni, ìyá ìjọ wa. Wọ́n ru igi ti oko bọ̀. Mo ní, 'Okun o, Màmá,' mo sì..."

Ó wo orúnkún ara rẹ̀. "Yéè! Mo fẹ́ kúnlẹ̀! Ọkọ mi kékeré, mo fẹ́ kúnlẹ̀ nínú mọ́tò! Orúnkún lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ bá tẹ iná mọ́ ọn!"

Olúmidé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ mọ ọkọ̀ wà, ìyàwó wa. Ẹ̀kọ́ ilé yín ló pọ̀ jù."

Ara Adétutù fúyẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń bẹ̀rù pé Ọlọ́run kò dá ìwakọ̀ mọ́ òun. Ó dìde, ó lọ bá ọkọ rẹ̀ níta.

"Bàbá Tóyọ̀sí, ẹ jẹ́ ká jọ sá eré ìje géèmù yìí ní Sátidé. Tí mo bá borí yín, ẹ ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́."

Bámigbóyè wò ó tìyanu-tìyanu. Láti ìgbà tí géèmù náà ti wọ ilé, kò tíì sí ẹni tó gba iwájú rẹ̀. "Tò. Tí èmi bá borí ńkọ́? O ò ní dárúkọ Ayewa sí mi létí mọ́ o."

"Mo gbà," ni Adétutù wí.

Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí NẸ́PÀ bá ti mú iná wá, ìdí géèmù lẹ ó ti bá a. Olúmidé tẹ́ sílípáàsì méjì sílẹ̀ níwájú àga rẹ̀, ọ̀kan dúró fún iná, èkejì fún bíréèkì, kí ẹsẹ̀ lè máa kọ́ ohun tí ọwọ́ ń kọ́. Bí Adétutù bá ti ń wọ kọ́nà tó le, Olúmidé yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, yóò tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́, yóò húkọ́ bí arúgbó. "Okun o, ìyàwó." Orúnkún yóò sì lọ. Adétutù kọlu ògiri títí ọ̀rọ̀ fi sú ògiri.

"Ẹ fi ẹnu kúnlẹ̀!" ni Olúmidé máa ń kígbe. "Ẹnu ni kó kúnlẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀!"

Nígbà tó fi máa di Fúráìdé, Adétutù ti lè kí arúgbó ayédèrú yìí, kó béèrè aya, kó béèrè oko, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì yẹ̀ lórí sílípáàsì.

Ọ̀sán Sátidé pé. Wọ́n pín ojú tẹlifíṣàn sí méjì, ọkọ̀ búlúù Bámigbóyè wà lókè, ọkọ̀ pupa Adétutù wà nísàlẹ̀.

"Rọra o," ni Bámigbóyè wí, "kí o má tún lọ gun ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ́."

"Ẹ̀gẹ́ kọ́, Bàbá Tóyọ̀sí. Ayewa ni mò ń lọ."

Ọkọ̀ búlúù bẹ́ síwájú. Adétutù kò bá a kánjú. Ó ń tẹ bíréèkì lákòókò, ó ń yọ ní kọ́nà wọ́ọ́rọ́wọ́, kọ́nà kọ̀ọ̀kan sì ń sún un mọ́ ọkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ṣe wọ ìyípo tó kẹ́yìn, ó ti ń rí ìdí ọkọ̀ búlúù níwájú rẹ̀ kedere. Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Gbádéyan ti ìpàdé ẹbí dé, tòun ti agbádá.

"Okun o, ẹ̀yin ará ilé!"

Ọmọ tí a kọ́ ni Bámigbóyè. Kó tó ronú, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀, ọkọ̀ búlúù sì ti wọ inú koríko. Orúnkún Adétutù náà fẹ́ lọ. Ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ sílípáàsì, kò gbé ojú kúrò lọ́nà.

"Okun o, Bàbá wa! Ẹ kú àbọ̀! Ṣé ìpàdé lọ dáadáa? Ẹ má bínú o, mò ń wakọ̀ ni!"

Ọkọ̀ pupa ya ọkọ̀ búlúù sílẹ̀, ó gba kọ́nà ìkẹyìn, ó sì kọjá ìlà.

"Mo borí! Bàbá Tóyọ̀sí, mo borí yín!" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọ ilé yìí, Adétutù kò tíì pariwo báyẹn rí. Olúmidé ń fò sókè bí ọmọ tó rí mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin.

Bámigbóyè gbọn ìdọ̀tí kúrò láyà. "Bàbá, ojú yín ló ṣe. Ẹ wọlé, ìyàwó yín ò kúnlẹ̀. Ó jókòó lórí àga, ó ń kí yín bí ẹgbẹ́ rẹ̀!"

Ìtìjú mú Adétutù, ó rí i pé ayọ̀ òun fẹ́ bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Bàbá, ẹ forí jì mí. Orúnkún yìí ló wa mọ́tò gun ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́sí, nígbà tí mo fẹ́ kí Màmá Elizabeth. Mò ń kọ́ ọ kó má baà pa èèyàn ni."

Bàbá Gbádéyan wo tẹlifíṣàn, ó wo sílípáàsì ilẹ̀, ó wá wo ọmọ rẹ̀.

"Hàbà, Bámigbóyè! Tó bá gbé mi sínú mọ́tò, tó wá ń kúnlẹ̀ kí èèyàn, ta ló fẹ́ kó di sítíárì mú? Ṣé inú sàárè ni kí n ti máa dáhùn okun ni? Awakọ̀ kì í kúnlẹ̀. Tó bá sọ̀kalẹ̀, kó wá kúnlẹ̀ dáadáa." Ó na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

Ó gbà á, ó fi lé Adétutù lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ó bọ́ síta, ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú Pijó lábẹ́ igi máńgòrò, ó jókòó, ó kó agbádá rẹ̀ jọ sórí itan. "Ìyàwó, gbé mi dé Ògìdì, kí n kí ẹ̀gbọ́n mi."

Adétutù jókòó sí ìdí sítíárì. Ó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì.

"Èmi ńkọ́?" ni Bámigbóyè béèrè níta.

"Àyè wà lẹ́yìn," ni bàbá rẹ̀ dá a lóhùn. Bámigbóyè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ Olúmidé tó ti jókòó síbẹ̀, ó rọra pa á dé.

Adétutù ṣáná sí ọkọ̀, ó wo dígí, ó sì yíjú sí bàbá ọkọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, Ògìdì ò ní sá lọ. Ayewa ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ dé, kí n mọ àwọn kọ́nà ọ̀nà ibẹ̀ kó tó di Mọ́ńdè."

Bàbá Gbádéyan wò ó, ó sì fara ti àga.

"Tò," ni ó wí. "Olórí ilé ìwòsàn, ó yá, ẹ máa gbé wa lọ."