Ìbéèrè Tí Bushrah Fẹ́ Bi Wọ́n

“Bàbá, wọ́n ti yàn mí o! Èmi náà máa bi wọ́n ní ìbéèrè!”

Abẹ́ ọkọ̀ ni Mashood wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dún sí i létí. Ó sùn sílẹ̀ gbalaja, ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Ó fò dìde láìrántí pé ẹ́ńjìnnì wà lókè òun. Ìró tí orí rẹ̀ àti irin ọkọ̀ náà fi pàdé, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun ò gbọ́ ọ láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ títí dé Awẹ́, adití ni olúwarẹ̀.

“Ta ni wàá bi?”

“Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣèlú ni, Bàbá. Ìdìbò ti kù sí dẹ̀dẹ̀ níbí. Wọ́n fẹ́ wá ṣe àríyànjiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́la, wọ́n sì ń ṣa àwọn ará Glasgow tí yóò jókòó síbẹ̀. Mo fi ìbéèrè tèmi ránṣẹ́, wọ́n ní ó dára. Aago méje ìrọ̀lẹ́ ni. Aago wa àti tiyín ò yàtọ̀ lásìkò yìí, ẹ lè máa wò mí!”

“Lójú gbogbo ayé?”

“Lójú gbogbo ayé, Bàbá!” Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín.

Mashood ò rẹ́rìn-ín. Ó wọ́ ara rẹ̀ jáde lábẹ́ ọkọ̀, àyà rẹ̀ ń lù bí ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ti gbẹ nínú rẹ̀. Bushrah ni àkọ́bí rẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Glasgow, ní Scotland, ibi iṣẹ́ yẹn náà ló sì bá a gba ìwé tó fi ń gbé lọ́hùn-ún.

“Bushrah, sọ fún wọn pé ara rẹ ò yá.”

“Ara mi yá, Bàbá.”

“Sọ fún wọn pé ara tèmi ò yá.”

“Kí ló ṣe yín?”

“Kò tíì ṣe mí. Ó máa ṣe mí.”

Bushrah tún rẹ́rìn-ín. Ó ní arúgbó kan ń pe òun, ó sì pa fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá òsì Mashood kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Apá náà wọ́ níbi ìgúnpá bíi sálẹ́ńsà tó ń tú èéfín lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbà pé jáàkì ló yọ̀, tí ọkọ̀ fi já lé e. Irọ́ ni. Nígbà tí Bushrah ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, olóṣèlú kan wá polongo ìbò ládùúgbò wọn. Ó ní kí ẹni tó bá ní ìbéèrè jáde. Mashood jáde. Ó gba gbohùngbohùn, ó bi ọkùnrin náà ní ìbéèrè kan péré, ìbéèrè tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Olóṣèlú náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Ìbéèrè tó dára gan-an. Ẹ ṣeun.” Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àwọn jàǹdùkú ti bo ṣọ́ọ̀bù Mashood bí eṣú ṣe ń bo oko àgbàdo. Nígbà tí wọ́n máa lọ, apá rẹ̀ ti dojú kọ ibi tí Ọlọ́run ò dá a kọ.

Láti ọjọ́ náà, bí kì í bá ṣe ará ilé rẹ̀, Mashood ò bi ẹ̀dá alààyè kan ní ìbéèrè mọ́. Nígbà kan tó ń ti Fìdítì bọ̀, ọkọ̀ gbé e kọjá Ọ̀yọ́. Kò béèrè. Ó jókòó, ó ń wo ojú fèrèsé títí wọ́n fi já a sí Ìlọrin. Ó kí àwọn ará Ìlọrin, ó wọ ọkọ̀ mìíràn padà sílé.

Ìyàwó rẹ̀, Kúbúrátù, ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tó wọlé.

“Wọ́n máa rẹ́rìn-ín sí i,” ni Mashood wí.

“Bàbá Bushrah, ṣé ẹ̀rín ló wá burú?”

“Ẹ̀rín gan-an ló burú!”

“Ẹ kúkú sọ òótọ́ fún ọmọ yẹn, kó mọ ohun tó ń bà yín lẹ́rù.”

“Lórí fóònù? Kí wọ́n lè gbọ́?”

“Kí ta ni lè gbọ́?”

Mashood lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó padà wá, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé o rí i? Ìwọ náà ti ń béèrè.”

Kúbúrátù mí kanlẹ̀. Láti Iléyá tó kọjá ni tiransifọ́mà àdúgbò wọn ti bẹ́, kò sì sí ẹni tó lè wo tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀ àfi ẹni tó bá ní ojú iwin. “Ẹ lọ bá Asiyah ọmọ wa níléèwé l’Ógbómọ̀ṣọ́,” ni obìnrin náà wí. “Iná sólà wà nílé tó ń gbé. Ó sàn kí ẹ máa wo ọmọ yín ju kí ẹ jókòó tì mí níbí kí ẹ máa gbọ̀n bí ẹ̀rọ ata.”

Lọ́jọ́ kejì, Mashood wọ ọkọ̀. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó pe Bushrah títí fóònù rẹ̀ fi gbóná bí àgbá epo tó wà nínú oòrùn. Bushrah ò gbé e. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́: “Wọ́n ti ní ká pa fóònù, Bàbá. Ẹ ṣàdúrà fún mi.” Mashood ka “wọ́n ti ní ká pa fóònù,” òógùn sì bò ó nínú atẹ́gùn fèrèsé. Èwo ni ti pípa fóònù? Àwọn tó wá ká a mọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ sí náà, fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ gbà.

Àgbàlá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ládùúgbò Under G ni Asiyah, àbúrò Bushrah, ti pàdé rẹ̀. Wọ́n ti gbé tẹlifíṣọ̀n jáde. James ló ni ín, akẹ́kọ̀ọ́ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti Asiyah, tẹlifíṣọ̀n náà sì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Fóònù rẹ̀ ló fi ń fa ètò náà sínú rẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ káàbọ̀ sà, Bàbá,” ni James wí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nítorí wáyà tó dì mú. “Ìbọn ni ẹ̀gbọ́n Asiyah o! Ó fẹ́ lọ dún mọ́ àwọn òyìnbó lójú!”

“Ta ló dárúkọ ìbọn?” Mashood wojú Asiyah. “Ta ló dárúkọ ìbọn?”

“Àwàdà ni, Bàbá. Ẹ jókòó. Wọn kì í lu èèyàn níbẹ̀.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rọ́ dé bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ni. Àwọn mẹ́ta ló dúró lórí pèpéle nínú tẹlifíṣọ̀n: ọkùnrin kan tó wọ táì pupa, ọkùnrin kejì tó wọ táì búlúù, àti obìnrin kan tó wọ kóòtù ìyeyè. Asiyah ń túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún bàbá rẹ̀. Táì pupa ní kí ìjọba gba ọkọ̀ ojú irin padà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, kó di ti gbogbo ìlú. Táì búlúù ní nǹkan tí ìjọba bá ti fọwọ́ kàn, ó bà jẹ́ nìyẹn.

“Tiwa ńkọ́?” ni James wí. “Nígbà tí iná jẹ́ ti ìjọba, òkùnkùn. Wọ́n tà á fún oníṣòwò, òkùnkùn. Ó jọ pé òkùnkùn gan-an ló ni ilé iṣẹ́ náà!”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù lórí ilé. Mashood nìkan ni kò rín. Àwọn géńdé kan tó dúró lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà ló tẹjú mọ́.

“Asiyah, wo àwọn tó wọ kóòtù dúdú yẹn. Wáyà ń bẹ létí wọn.”

“Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n, Bàbá.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ni. Ẹ̀ṣọ́ ta ni?”

Ọ̀rọ̀ wá kan Brexit, ìyẹn bí Ìlú Ọba ṣe jáde kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Oníkóòtù ìyeyè ní Scotland ò dìbò pé òun fẹ́ jáde, ńṣe ni àwọn yòókù ní Ìlú Ọba wọ́ ọ tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà kí Scotland kúkú dá dúró láyè ara rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjèèjì bú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mashood di àga tó jókòó lé mú. Lójú tirẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti dé báyìí, àga ní í kọ́kọ́ fò.

“Bushrah nìyẹn!” Asiyah pariwo.

Òun ni lóòótọ́. Ó dìde láàárín èrò pẹ̀lú híjáàbù búlúù, ó kéré bí ọmọ ẹyẹ láàárín àwọn òyìnbó sìgbọnlẹ̀ yẹn. Ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó ní àwọn arúgbó lòun ń tọ́jú. Ó ní, “Lẹ́yìn Brexit, àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Yúróòpù lọ, ẹ wá pe irú wa. Bí Scotland bá tún yà kúrò lára Ìlú Ọba, ìwé tí mo fi ń gbé níbí, ìwé ibo ni yóò dà? Bí wọ́n bá sì ní kí n máa lọ, ta ni yóò tọ́jú àwọn arúgbó mi?”

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin onítáì pupa rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ìbéèrè tó dára gan-an,” ni Asiyah túmọ̀. “Ẹ ṣeun.”

Àga ṣubú. Mashood ti wà ní ìdúró, ó ń na apá tó wọ́ yẹn sí tẹlifíṣọ̀n. “Bushrah, jáde níbẹ̀! Sá!”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Àárín èyí ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì dá. Ojú Bushrah dúró gbagidi lórí tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ẹnu tó là sílẹ̀, nǹkan róbótó kan sì ń yí po lórí iwájú orí rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. James fọwọ́ gbá fóònù rẹ̀, ó gbé e sókè, ó gun àga. Òfo. Mashood fi ogún ọdún dàgbà níbi tó dúró sí.

Ìgbà tí fóònù rẹ̀ máa dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá! Ṣé ẹ rí mi?”

“Níbo lo wà?”

“A ti parí. Mò ń rìn lọ síbi tí n ó ti wọ bọ́ọ̀sì.”

“Ìwọ nìkan? Nínú òkùnkùn?”

“Oòrùn ṣì wà níbí, Bàbá. Oòrùn kì í tètè wọ̀ lásìkò yìí.”

Mashood gbójú sókè. Ojú ọ̀run Ògbómọ̀ṣọ́ dúdú bí inú ìkòkò aró. Ọmọ tó ní aago àwọn ò yàtọ̀ ló ń sọ pé oòrùn wà yìí! Ó dá a lójú pé ẹnì kan ló ń kọ́ ọmọ náà ní ohun tí yóò sọ.

“Má pa fóònù. Máa rìn. Máa wẹ̀yìn.”

Ó ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ ìró bàtà mìíràn, ó wúwo, ó ń sáré.

“Bushrah, ẹsẹ̀ ta nìyẹn?”

“Ẹnì kan ń sáré bọ̀. Ó ń pè mí. Ó jọ ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn.”

“SÁ!”

Ohùn ọkùnrin kan dún, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Òyìnbó ni ó ń sọ. Bushrah sọ nǹkan kan, ó kéré, Mashood ò gbọ́ ọ. Asiyah ti di apá bàbá rẹ̀ mú.

“Agboòrùn mi ni, Bàbá,” ni Bushrah wí. “Mo gbàgbé rẹ̀ sórí àga.”

“Ọkùnrin náà ńkọ́?”

“Ó ti padà.”

“Kò fọwọ́ kàn ọ́? Kí ló wí?”

“Ó ní òjò lè rọ̀ lọ́la.”

Mashood jókòó. Kò sí àga lẹ́yìn rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó bi ọmọ náà bóyá wọ́n tiẹ̀ dá a lóhùn.

“Kò sẹ́ni tó dáhùn o. Ọ̀kan ń sọ̀tàn ìyá rẹ̀ àgbà, ọ̀kan padà sórí ọkọ̀ ojú irin, ìkẹta ní gbogbo ẹ̀ máa dára. N ó tún un bi wọ́n ni. Bàbá, mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń mí. Kí ló ń dẹ́rù bà yín tó báyìí?”

Mashood wo Asiyah. Ó wo apá rẹ̀.

“Jáàkì kọ́ ló ṣẹ́ mi lọ́wọ́,” ló wí.

Ó sọ ọ́ tán pátá, láti orí gbohùngbohùn títí dé orí àwọn jàǹdùkú. Asiyah fọwọ́ bo ẹnu. Lórí fóònù, mọ́tò ń kọjá ní Glasgow.

“Bàbá,” ni Bushrah wí nígbà tó yá. “Ìbéèrè wo lẹ bi í?”

“Kò tó nǹkan.”

“Ẹ sọ ọ́ fún mi.”

Mashood wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo géètì. Ó fẹnu sún mọ́ fóònù, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

“Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, n ò gbọ́ yín.”

Ó tún un sọ.

“N ò gbọ́, Bàbá!”

“Mo ní ẹ̀rọ omi tí wọ́n ṣèlérí fún wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ dà?”

Ohùn tí kò fi béèrè nǹkan mọ́ láti ọjọ́ gbohùngbohùn yẹn ni. Ó lọ ká gbogbo Under G, ajá kan gbó lókèèrè. Gbogbo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yíjú sí i. Mashood kó apá tó wọ́ mọ́ àyà, ó tẹjú mọ́ géètì, ó ń dúró.

Géètì ò mira.

“Kí ni wọ́n fi dá yín lóhùn, Bàbá?” ni James béèrè.

“Wọn ò tíì dáhùn.”

Ọmọbìnrin kan yọrí láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò gbọ́ yín dáadáa lókè níbí. Ẹ tún un bi.”

Asiyah na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀, Mashood gbá a mú, ó dìde. Ó kọjú sí géètì, ó sì tún un bi.