Orí Máíìkì Méjì Nínú Garawa Ọṣẹ

Eskild, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn, kì í gbàgbé ẹni tó bá fojú di iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pé ọdún méjìlá tí Vibeke, akọrin gbọ̀ngàn abúlé wọn ní etíkun Jutland ní Denmark, ti pe máíìkì rẹ̀ ní ṣíbí ìrobẹ̀. Láti ìgbà náà, bí Vibeke bá kí i, ìdajì ló ń dáhùn.

Máíìkì yẹn kò lórúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára. Ọdọọdún ni Eskild ń kùn ún lọ́dà dúdú, àmọ́ ọ̀dà kò bo ojú eyín tí ajá Asger, alága gbọ̀ngàn náà, fi sí ìdí rẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, Vibeke gbé máíìkì tuntun dé, dúdú bíi ti Eskild, tí orúkọ ńlá yí òrùka orí rẹ̀ ká. Asger ní kí wọ́n dán méjèèjì wò. Bí ti Vibeke bá dára jù, ẹlòmíràn ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ohùn níbẹ̀.

"Ṣíbí ẹ ńkọ́?" ni Vibeke bi í. "Ṣé ó ṣì ń ro ọbẹ̀?"

"Ọbẹ̀ tó rò lo ti ń lá láti ọdún méjìlá."

Eskild tú orí méjèèjì, àwọ̀n waya tó bo ẹnu máíìkì, ó rì wọ́n sínú garawa ọṣẹ, bó ti ń ṣe kí ẹnikẹ́ni tó kọrin.

"Tuntun ni tèmi," ni Vibeke wí.

"Ọwọ́ ọlọ́jà mélòó ló ti kàn án?"

Wọ́n mu kọfí, wọ́n ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Àríyànjiyàn yẹn ni Eskild ń bá lọ nígbà tó ń lọ́ orí wọn padà; kò wo ọwọ́ rẹ̀.

Vibeke mú èyí tó lórúkọ, ó kọrin. "Oyin ni," ló wí.

Eskild mú èyí tí kò lórúkọ, ó ka ení títí dé ẹ̀wá. "Ohùn èèyàn nìyí. Tìẹ ń fi imú sọ̀rọ̀."

Asger gbé kéèkì rẹ̀ kalẹ̀. "Vibeke, yí ìdí nǹkan ọwọ́ ẹ yẹn sókè. Ṣé kì í ṣe eyín ajá mi nìyẹn?"

Eyín ajá ni. Orí ti pààrọ̀ ara nínú garawa, bẹ́ẹ̀ ara ló ń gbé ohùn, orí kàn jẹ́ ìbòrí ni. Vibeke ti pe ṣíbí ní oyin. Eskild náà ti fi ẹnu ara rẹ̀ yin máíìkì Vibeke.

Vibeke ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi jókòó.

"Ẹ fi méjèèjì síbẹ̀," ni Asger wí. "Eskild, iṣẹ́ ẹ ṣì ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ kéèkì mi."

Ojú ti Eskild díẹ̀, àmọ́ inú rẹ̀ dùn ju ìtìjú náà lọ. Ó já téèpù dúdú, ó fi bo orúkọ ara òrùka náà. Nígbà tí Vibeke dé ẹnu ọ̀nà tó ní ó dàbọ̀, odindi ló dá a lóhùn.