Bí Khadim Ṣe Ba Ìgbéyàwó Yìnyín Jẹ́

Ọgbọ̀n ọdún ni Khadim fi kọ́ àwọn ọmọ abúlé Stangdo ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́, ọgbọ̀n ọdún náà ló sì fi ń sọ fún wọn pé yìnyín kì í gbéyàwó. Ohun tí àwọn baba wọn gbà ni pé yìnyín orí òkè Karakoram ní akọ, ó ní abo. Akọ ni èyí tó dúdú, tí òkúta bò mọ́lẹ̀, tó ń rìn bí arúgbó, tí omi rẹ̀ kò tó nǹkan. Abo ni èyí tó funfun, tó ń dán, tí omi ń dà lára rẹ̀ nígbà ooru. Bí wọ́n bá gbé méjèèjì pọ̀ sínú ihò níbi tí oòrùn kì í dé, wọn á bí yìnyín tuntun, àwọn ará ìsàlẹ̀ á sì rí omi lò. Khadim a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Fiza ìyàwó rẹ̀ a ní, "Tíṣà, ẹ ṣáà máa kọ́ wọn. Omi ni mo fẹ́ ní tèmi."

Fiza kú nígbà òtútù tó kọjá. Òjò dídì ọdún náà kò tó nǹkan, èyí tó bọ́ sì ti yọ́ tán kí wọ́n tó gbin ọkà. Orísun tó ń bomi rin ogójì igi àpíríkọ́ọ̀tì tí Fiza gbìn gbẹ pátápátá, ewé wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láìtásìkò. Bí ọ̀mọ̀wé abúlé ṣe lọ kan ilẹ̀kùn Hájì Mehdi nìyẹn, ẹni tó ń ṣe olórí àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó fún yìnyín. Ó ní òun náà fẹ́ gbẹ́rù.

Hájì wò ó títí. "Yìnyín tí ẹ ní kò lè bímọ ńkọ́?"

"Mo ṣì ní kò lè bímọ. Ṣùgbọ́n bó bá wà níbi tó ga, nínú òjìji, tí òkúta bò ó, òjò dídì á máa gbé lé e lórí lọ́dọọdún. Ìdí ni pé..."

"Ẹ gbé apẹ̀rẹ̀ yín wá lọ́jọ́ Ẹtì, Tíṣà. Ẹnu yín nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé."

Ẹni tó bá gbé yìnyín kò gbọdọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí yóò fi dé ihò. Bó bá la ẹnu, ẹrù rẹ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Yóò dà á nù, yóò padà lọ bu òmíràn.

Àwọn méjìlá ló gbéra ní ìdájí. Yìnyín funfun ni wọ́n fún Khadim, wọ́n fi koríko gbígbẹ dì í sẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́ tí omi tútù fi ń ṣàn wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Ó ń rò ó lọ́kàn pé bí gbogbo àwọn tí òun kọ́ níwèé ṣe máa rántí òun nìyí.

Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti yà, níbi tí òkúta ńlá kan wà tí àmì ìkarahun òkun hàn lára rẹ̀. Ogójì ọdún lòun àti Fiza fi gba ibẹ̀ kọjá lọ kó màlúù wálé. Kò sí ìgbà kan tí Khadim kì í dúró sọ ìtàn òkúta náà fún un.

"Ìsàlẹ̀ òkun ni ibí yìí tẹ́lẹ̀," ó wí, ketekete. "Ilẹ̀ méjì ló kọlu ara wọn, tí wọ́n fi gbé e sókè. Títí dòní ni wọ́n sì ń tì í."

Ó ń retí kí ẹnì kan sọ, bí Fiza ṣe máa ń sọ, pé, "Ẹ ti sọ ọ́ lọ́dún tó kọjá."

Ìgbà tó wo ẹ̀yìn, àwọn ọkùnrin mọ́kànlá dúró tí wọ́n ń wò ó. Wọn kò lè rẹ́rìn-ín síta, èjìká wọn ló ń gbọ̀n. Omi bọ́ lójú Rozi aláwàdà, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń mì jìgìjìgì. Hájì kò ṣe méjì, ó na ọ̀pá sí ìsàlẹ̀ òkè.

Khadim da yìnyín rẹ̀ nù, ó padà. Ìgbà tó tún gba ibi òkúta náà kọjá, òun nìkan ni. Kò sí ẹni tó máa gbọ́. Ó fi eyín di ètè rẹ̀ mú, ó sì kọjá.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó dé ihò. Wọ́n ti ń mu tíì oníyọ̀, wọ́n ń retí rẹ̀. Wọ́n gba yìnyín rẹ̀ lé ti akọ lórí, wọ́n fi èédú àti èèpo ọkà bò ó, wọ́n wá to òkúta lé e.

"Tíṣà," Rozi ní, "òkun yẹn, níbo ló wá gbà lọ? Ẹ ò parí ẹ̀ fún wa."

"Aláròyé ni mí," Khadim wí. "Ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ọdún kò ṣe é dì mọ́nú." Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó bá wọn rín in. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n máa pè é ní aláròyé ju kó sọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ níbi òkúta náà.

Hájì bu tíì fún un. "Á tó ọdún méjìlá kó tó fún wa lómi."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni Khadim. Kò ní kí ẹnikẹ́ni bá òun ṣírò rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Igi márùn-ún ni agbára rẹ̀ gbé lóòjọ́. Òfin kankan kò de ẹni tó ń bomi rin igi, nítorí náà ìdí igi kọ̀ọ̀kan ló ti ń sọ̀rọ̀ òkun náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé òun ti gbọ́ ọ rí.