Àna Tó Jókòó Sínú Bọ́ọ̀sì

Ọlọ́pàá obìnrin kan pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n wá sí àgọ́ wọn ní ìlú Hardoi. Pallavi, ìyàwó Vipul, ti fẹjọ́ sùn pé ọkọ òun, bàbá ọkọ, ìyá ọkọ "àti gbogbo ẹbí ọkọ" ń fìyà jẹ òun nítorí alùpùpù tí bàbá òun kò rà mọ́ ẹrù tí ilé ìyàwó ń kó fún ilé ọkọ. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Èmi Girdhari, tí mò ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe jẹ́jẹ́ mi. Ẹ̀wọ̀n sì ni òfin là sílẹ̀ fún un.

Bhagirath, bàbá Vipul, àbúrò ìyàwó mi ni. Fúfà ni àwọn ọmọ wọn ń pe èmi tí mo fẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Níbi tiwa, Fúfà gbọ́dọ̀ bínú níbi ìgbéyàwó. Tí kò bá bínú, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Èmi náà bínú níbi ìgbéyàwó Vipul. Wọ́n wé láwàní fún ẹlòmíràn ṣáájú mi, ni mo bá lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa wá. Wọ́n bẹ̀ mí títí, n ò sọ̀kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n ò dé ilé Bhagirath mọ́.

Lọ́yà tí mo lọ bá ní, "Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ìbínú yín yìí tán o. Òfin lè mú ẹbí ọkọ lóòótọ́, àmọ́ 'gbogbo ẹbí' kò tó. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Ẹni tí kì í bá wọn sọ̀rọ̀, kí ló fẹ́ bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó?"

Nígbà tó ku ọ̀la ká lọ sí àgọ́, Bhagirath gbé ládù, ìpápánu dídùn, dé, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká parí ẹ̀. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò bèèrè alùpùpù."

Mo nawọ́ sí ládù. Kusumlata ìyàwó mi gbá ọwọ́ mi.

"Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́, ìjà parí nìyẹn, ẹ ti padà di ẹbí. Ẹ̀wọ̀n lẹ ó ti jẹ ìyókù."

"Àǹtí, ọkọ yín ló ń bínú, kì í ṣe ẹ̀yin."

"Mò ń bá a gbé ìbínú ọ̀hún. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ní àgọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá bi Pallavi pé, "Bàbá yìí, kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?"

Ó wò mí. "Ṣé Fúfà? Láwàní ni wọ́n bèèrè ní tiwọn."

Ọ̀gá náà fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, ẹ máa lọ sílé."

Mo dìde. Wọ́n wá ń bi bàbá Pallavi pé ta ló gbọ́ nígbà tí Bhagirath bèèrè alùpùpù. Ó ní àwọn méjèèjì nìkan ni, lẹ́bàá bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Abẹ́ fèrèsé ibi tí mo jókòó sí nínú bọ́ọ̀sì ni. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè máa lọ," ni Bhagirath wí. "Ọ̀nà jìn."

Mo wo ilẹ̀kùn. Mo wo Pallavi.

"Ọ̀gá," mo ní, "fèrèsé mi ṣí sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bhagirath ní kí wọ́n ra alùpùpù, àbí kí wọ́n mú ọmọ wọn padà sílé."

"Ẹ ṣáà ní ẹ ò bá wa ṣe mọ́," ni Bhagirath wí.

"N ò bá yín ṣe. Etí mi ni ò bínú."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Mo gbá bírò mú.

"Ṣé ẹ kì í ti ẹlẹ́rìí mọ́lé?"

"A kì í tì wọ́n, bàbá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ìyàwó mi wà níta, kó lè gbọ́."